Samsung S25 Ultra: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ wá sọ tinú yín kí n tó kówó sílẹ̀

ỌmọAdó

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Dallas ló ní òun fẹ́ ra Samsung S25 Ultra fún mi torí iṣẹ́ mi, fídíò ilé àti ilẹ̀ tá a fẹ́ tà ni mo máa ń ṣe, mo sì ń gbé e sórí Instagram. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta fóònù ní Ìkẹjà ní kí n má gba ti Amẹ́ríkà rárá, kí n wá rà á lọ́wọ́ òun. Mo mọ̀ pé kò sí ọlọ́jà tó máa ní ọjà òun ò dáa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Owó ibẹ̀ kì í ṣe owó àkàrà, $1,299 ni wọ́n fi gbé e jáde lọ́hùn-ún ní oṣù kejì 2025, níbí ńkọ́, ó lé dáadáa ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí tó wà nínú ìpolówó fún mi, mo ti kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í ṣiṣẹ́ òòjọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé bátìrì ẹ̀ lè bá iná wa yìí yí? Ṣé kámẹ́rà ẹ̀ tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e? Kí ló yẹ kéèyàn wò kó tó sanwó?

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà

Ẹ kú ìbéèrè. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Computer Village, kí ẹnikẹ́ni tó wá máa sọ ti kámẹ́rà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo S25 Ultra ló jẹ́ ọ̀kan náà o. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ About phone, ẹ wo Model number. Tẹ́ ẹ bá rí SM-S938B, ti àgbáyé nìyẹn, òun ni wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti lọ́dọ̀ tiwa níbí, síìmù méjì ló ń gbà, ó tún wá ní eSIM, ìyẹn síìmù inú fóònù tí kì í ṣe oníke. Tó bá jẹ́ SM-S938U tàbí SM-S938U1, ti Amẹ́ríkà ni, síìmù oníke kan ṣoṣo ló ń wọ inú ẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ eSIM. SM-S938N, ti Kòríà. Fóònù gidi ni ti Kòríà yẹn, ìlú wọn ló kàn ní kó máa dún gbàgà téèyàn bá ti ya fọ́tò, torí náà ẹ dán an wò pẹ̀lú síìmù yín bóyá ó ṣe é pa lẹ́nu mọ́, ẹni tó ń ya fọ́tò níbi ìsìnkú á mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tó wá ń dá omi sójú àwọn oníbàárà mi ni U tí ò ní 1 lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lọ́hùn-ún ló máa ń tà á, wọ́n á sì ti í mọ́ síìmù tiwọn. Ẹlòmíì á gbé e láwìn, á máa san án díẹ̀díẹ̀, kò ní san án tán tó fi máa tà á, ó di ọ̀dọ̀ wa. Á ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la, ọjọ́ kan ṣá ẹ máa jí, ẹ máa rí i tí wọ́n ti tì í látòkèèrè, tó kọ ọ́ sójú pé kẹ́ ẹ lọ pe ilé-iṣẹ́ báyìí báyìí. Knox Guard ló ń jẹ́. Tí ẹnì kan bá ní òun máa bá yín ṣí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ bi í bóyá á dá owó padà tó bá tún tì, ẹ máa rí bó ṣe máa dákẹ́.

Torí náà bọ̀dá mi, tó bá jẹ́ ti Dallas, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó ra U1, èyí tí wọn ò tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, kó san owó ẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi rìsíìtì ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ti Ìkẹjà, ẹ tẹ *#06# níwájú ọ̀rẹ́ yín, kí IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó bá jáde bá ti páálí mu, kó sì bá èyí tó wà nínú About phone mu. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ *#0*#, á ṣí ojú kan tó ní bọ́tìnì púpọ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ pupa, ewé àti búlúù, kí gbogbo ojú fóònù di àwọ̀ kan ṣoṣo, tí ibì kan bá ṣú tàbí tó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ máa rí i níbẹ̀. Ẹ tẹ Touch, ẹ fi ìka pa gbogbo igun ẹ̀ rẹ́. Ẹ dán sípíkà àti kámẹ́rà wò lójú kan náà. Tí wọ́n bá ní tòkunbọ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n rí-sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ níwájú yín títí dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, tó bá ṣí padà tó wá ń béèrè email ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Aláṣọ_Kùtọnù

Ọlọ́run á bù kún yín ọ̀gá alátùn-únṣe, ọ̀rọ̀ síìmù yìí gan-an ló ń dùn mí lọ́kàn. Kùtọnù ni mò ń gbé, Èkó ni mo ti ń ra aṣọ, gbogbo ìgbà ni mo ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Síìmù Bẹ̀nẹ̀ ni mobile money mi wà, síìmù Nàìjíríà ni báńkì mi wà, méjèèjì gbọ́dọ̀ máa dún nígbà kan náà torí ẹni tí mo jẹ lówó níbí ò ní dúró de ìgbà tí mo bá yọ síìmù ọ̀hún. Àbúrò mi fi ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí mi, fóònù dáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo wá eSIM lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo tó mọ̀ pé ó ní ìrìn nínú. Ẹni tó bá ń rìn láàárín ìlú méjì, ẹ wá S938B, ẹ má bá ara yín jà.

Tìmí_Yábàá

Ẹ jẹ́ n fi kún ti eSIM yẹn. Ní Nàìjíríà, MTN ń ṣe é, Airtel náà ń ṣe é. NIN yín gbọ́dọ̀ bá síìmù yẹn mu, wọ́n á fún yín ní kóòdù onígun mẹ́rin tẹ́ ẹ máa fi kámẹ́rà wò, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni pé tí fóònù bá kú tàbí tí ojú ẹ̀ bá fọ́, kò sí pé ẹ máa yọ síìmù kẹ́ ẹ kì í bọ inú fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì tó wà nílé. Ó di ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo mọ ẹni tí fóònù ẹ̀ wọ omi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò rí nọ́ńbà ẹ̀ lò títí di ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ OTP báńkì ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe dátà ṣe eSIM, kẹ́ ẹ fi ti báńkì sílẹ̀ sórí síìmù oníke.

Òmíì ní òdìkejì ló máa sọ fún yín, pé ti báńkì gan-an ló yẹ kó jẹ́ eSIM torí olè ò lè yọ ọ́. Òótọ́ ni tiwọn náà. Ó kù sọ́wọ́ yín bóyá olè lẹ̀ ń bẹ̀rù jù ni àbí kí fóònù bà jẹ́.

Awakọ̀_Ọ̀jọ́ta

Olè ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jàre. Mò ń wa ọkọ̀ akérò oní-áàpù l'Ékòó, fóònù mi kì í kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù látàárọ̀ dalẹ́. Sún-kẹẹrẹ Ọ̀jọ́ta, gíláàsì wà nílẹ̀ torí ooru, ọmọkùnrin kan á kàn na ọwọ́ wọlé, ó ti lọ. Ohun tí mo ṣe sí tèmi rèé: mo wọ ibi Theft protection nínú Settings, mo tan Theft Detection Lock, tí wọ́n bá já a gbà tí wọ́n sì sá, òun fúnra ẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan já òun gbà, á ti ojú ẹ̀. Mo tún tan Identity Check, tí mo bá ti kúrò nílé PIN nìkan ò tó láti dé ibi pàtàkì inú Settings, ìka mi ló máa béèrè. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú android.com/lock sọ́kàn, láti orí fóònù ẹlòmíì lẹ ti lè fi nọ́ńbà yín nìkan ti fóònù yín pa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tan Remote Lock sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni PIN síìmù, kì í ṣe PIN fóònù o. Àwọn ọmọ yìí ò nílò láti ṣí fóònù yín, wọ́n á yọ síìmù, wọ́n á kì í bọ fóònù wọn, wọ́n á wá fi kóòdù báńkì kó owó yín. Tí síìmù bá ní PIN, wọn ò lè fi ṣe ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tó bá síìmù wá àti PUK ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń ṣí síìmù tó bá tì) lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta síìmù á tì.

Ti ooru ńkọ́, wọ́n ní ohun tó ń tu inú ẹ̀ lára fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti S24 Ultra tó ṣáájú ẹ̀ lọ, mo sì gbà, kì í tètè gbóná tí mo bá ń lo máàpù. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò, pẹ̀lú ṣájà lára, pẹ̀lú hotspot fún èrò ẹ̀yìn, kò sí fóònù tó máa gba ìyẹn mọ́ra. Ojú ẹ̀ á máa ṣú díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀ kó lè tutù. Iwájú ihò AC ni mo gbé tèmi kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo pa 5G, àdúgbò tí 5G ò bá ti dúró dáadáa, fóònù á kàn máa wá a kiri ni, á sì máa jẹ bátìrì. 4G (LTE) tó mi.

Fọ́tò_Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí bọ̀dá béèrè gan-an. Ìbàdàn ni mo wà, òde ni mò ń yà, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìwúyè. Kámẹ́rà ńlá tèmi ò kúrò lọ́wọ́ mi, fóònù yìí ni mo fi ń ṣe èyí tó máa tètè dé orí ayélujára.

Fún ẹni tó ń ya inú ilé, ibi tí wọ́n ti tún un ṣe nìyẹn o. Lẹ́ǹsì tó ń ya fífẹ̀ yẹn, 12MP ló wà lára S24 Ultra, 50MP ló wà lára eléyìí (MP ni iye àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán). Ẹ dúró sí igun yàrá, ẹ máa rí ògiri mẹ́ta nínú àwòrán kan, àwọn táìsì ilẹ̀ á hàn kedere dé igun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tan oníbàárà jẹ o, yàrá kékeré á dà bíi gbọ̀ngàn lójú ẹ̀, tí wọ́n bá dé ibẹ̀ ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì ńlá tó jẹ́ 200MP àti èyí tó ń fà á mọ́ra lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti S24 Ultra. Èyí tó ń fà á lẹ́ẹ̀mẹta, 10MP ṣì ni, èmi kì í lò ó lálẹ́, màá kúkú rìn súnmọ́ wọn.

200MP yẹn, oòrùn ló fẹ́. Mo ya aṣọ òfì kan ní gbangba ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ètù ni, aláró dúdú tó ní ilà funfun tín-ín-rín. Mo fà á sún mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà, mò ń rí ibi tí alájọpọ̀ ti rán pátì kan mọ́ èkejì, mo rí ibi tí òwú kan ti já tó so ó padà. Ní gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ńkọ́, ẹ fi í sílẹ̀ sórí 12MP tó bá wá, òun ló máa dáa jù, kò sì ní kún inú fóònù yín. Ẹ rántí pé kò sí ibi tẹ́ ẹ máa ki mẹ́mórì káàdì sí. Ẹni tó ń ṣe fídíò 4K bíi ti bọ̀dá yìí, ẹ ra 512GB tàbí kẹ́ ẹ ra SSD kékeré, ohun ìpamọ́ fídíò tó ń wọ ojú ihò ṣájà, ó máa ń gba nǹkan yẹn dáadáa.

Àléébù ibẹ̀: tí nǹkan bá ń sáré. Ọmọdé tó ń jó, ọwọ́ tó ń ná owó (náírà níná ti di ẹjọ́ báyìí, ẹ rọra o), àwòrán ẹ̀ máa ń fẹ́ ṣe bàìbàì tí iná ò bá pọ̀. Ẹ wọ Galaxy Store, ẹ gba Camera Assistant, ẹ tan Quick tap shutter, á máa ya á bí ọwọ́ ṣe kàn án dípò ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò. Ó ń ṣèrànwọ́, kò tán an.

Audio Eraser tún wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ya fídíò tán ẹ lè fa ariwo èrò sílẹ̀, afẹ́fẹ́, orin, kẹ́ ẹ fi ohùn ènìyàn sílẹ̀. Fún ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń sọ pé ilẹ̀ yìí ní C of O, ohun ńlá ni, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á lọ sílẹ̀ pátá. Lóde ni mo ti fi í rẹ́rìn-ín. Onílù ń ki bàbá ìyàwó, mo ní kí n fa orin sílẹ̀ kí ohùn bàbá lè jáde, bí mo ṣe fà á ni gángan bá a lọ. Àwa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, fóònù ò mọ̀, orin ló pè é.

Màmá_Gbági

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ gbogbo MP yẹn, ọmọ mi ló rà á fún mi, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ohun tí mo fẹ́ràn ni gègé inú ẹ̀. Tí oníbàárà bá dé, mi ò ṣí fóònù rárá, mo kàn fa gègé jáde, ojú fóònù á wà ní dúdú, màá máa kọ̀wé funfun sórí ẹ̀, "Ìyá Ọlọ́jà Òkè, léèsì yáàdì márùn-ún, ó ku ẹgbàárùn-ún." Mo bá ti gègé padà, ó ti pa á mọ́. Ìwé gbèsè mi ti ń já tẹ́lẹ̀, òjò ti rin ín, èyí ò lè já.

Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo fẹ́ pa fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnì kan wá ń bá mi sọ̀rọ̀ pé kí lòun lè ṣe fún mi. Mo ní o lè kú ni! Ọmọ mi ló wá fi hàn mí pé Gemini ni, olùrànlọ́wọ́ AI ti Google, pé tí mo bá fẹ́ pa fóònù kí n tẹ bọ́tìnì yẹn pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ohùn kù. Wọ́n tiẹ̀ lè yí i padà nínú Settings, ní ibi Side button, ó ti yí tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kọ Yorùbá tó ní àmì, ẹ gba Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ "e" mọ́lẹ̀ ẹ máa rí "ẹ", bẹ́ẹ̀ náà ni "o" àti "s". Bí mo ṣe ń kọ eléyìí nìyẹn.

Ṣọlá_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ màmá. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, £1,249 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde, èmi fi èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ kó lè rọ̀ díẹ̀. Ti gègé tí màmá sọ yẹn, kíkọ lásán ló kù fún un báyìí o. Láti Note 9 ni Bluetooth ti wà nínú ẹ̀, èèyàn lè gbé fóònù dúró sọ́hùn-ún kó tẹ gègé láti fi ya fọ́tò, wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú S25 Ultra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá ya fídíò ara yín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ han kámẹ́rà tàbí kẹ́ ẹ sọ "Capture", á ya á, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ẹ̀ tó ti gègé. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ò sí lẹ́yìn ẹ̀, pouch tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ máa rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa lẹ̀ mọ́ ṣájà aláìlókùn.

Wọ́n tún polówó pé ó ń túmọ̀ ìpè lójú ẹsẹ̀. Yorùbá ò sí nínú èdè tí Live Translate ń gbọ́, kí ìyá yín nílé má rò pé òun lè máa bá ìyàwó òyìnbó sọ̀rọ̀. Google Translate ní Yorùbá tó bá jẹ́ ìwé kíkọ lẹ fẹ́ túmọ̀.

Mo gbóríyìn fún ojú ẹ̀ ṣá. Gíláàsì yẹn kì í ṣe bíi dígí, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ tàn padà sí yín lójú. Ó sì fúyẹ́, 218g, ti S24 Ultra jẹ́ 232g, àwọn igun ẹ̀ ò sì gún ọwọ́ mọ́.

Ọlọgbọ́n_Àkúrẹ́

Kí ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ohun tí mo rí ni pé kí bọ̀dá ra S24 Ultra. Bátìrì méjèèjì, 5000mAh. Ṣájà méjèèjì, 45W. Lẹ́ǹsì ńlá, ọ̀kan náà. Gègé ti S24 ṣì ní Bluetooth. Ọdún méje ni wọ́n ṣèlérí àtúnṣe Android fún méjèèjì, ìyẹn ni pé ti S24 á dé 2031, ti S25 á dé 2032. Ta ló fẹ́ lo fóònù kan dé 2032 lórílẹ̀-èdè yìí? Owó tó bá ṣẹ́kù ẹ fi ra gimbal (ohun tó ń di fóònù mú kó má gbọ̀n) àti máìkì, fídíò ilé yín á dáa ju ti ẹni tó ní S25 tí kò ní máìkì lọ.

Fọ́tò_Bódìjà

Ọlọgbọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà fún ẹni tó ń ya èèyàn. Ẹni tó ń ya yàrá, lẹ́ǹsì fífẹ̀ yẹn ló máa fi jẹun. Ti máìkì, mo fara mọ́ ọn pátápátá, kódà mo fẹ́ kó ra máìkì kó tó ra fóònù.

Ọlọgbọ́n_Àkúrẹ́

Ó dáa, mo gbà fún ẹ níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe yàrá ló ń yà, ọ̀rọ̀ mi ṣì dúró.

Ìnfátà_Òṣogbo

Ẹ ò tíì dá bọ̀dá lóhùn lórí iná. Sólà àti ìnfátà niṣẹ́ mi, torí náà ẹ gbọ́. Ṣájà ò sí nínú páálí, okùn nìkan ló wà níbẹ̀, okùn yẹn sì jẹ́ 3A (A ni ìwọ̀n iná tí okùn lè gbé). Samsung ní tẹ́ ẹ bá lo ṣájà 45W pẹ̀lú okùn 5A, ààbọ̀ wákàtí á gbé e dé nǹkan bí 65%. Ohun táwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n ra orí ṣájà 45W, wọ́n fi okùn 3A inú páálí sí i, wọ́n wá ń bú fóònù pé kò yára. Bẹ́ẹ̀ wọ́n á mú iná wá fún wákàtí kan péré, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa mọ ìyàtọ̀. Àmì tẹ́ ẹ máa wò nìyí: ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ wo ohun tó kọ sí ojú ẹ̀. Tó bá kọ "Super fast charging 2.0", 45W ló ń gbà. Tí kò bá sí 2.0 níbẹ̀, 25W ni. Tó bá kàn kọ "Fast charging", orí ṣájà yẹn ò ní ohun tí wọ́n ń pè ní PPS, èyí tó ń jẹ́ kí ṣájà máa yí iná padà bí fóònù ṣe ń fẹ́ ẹ, ó pọ̀ lọ́jà, wọ́n á kọ 65W gàgàrà sára ẹ̀ pàápàá. Kẹ́ ẹ gbé fóònù yín lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ wò ó lójú ara yín. Power bank náà, PPS lẹ máa béèrè.

Ẹ má fi fóònù sórí iná tí wọ́n bá ń mú un wá tí wọ́n ń mú un lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹni tó ní ìnfátà, orí ìnfátà ni kó ti máa gba iná.

Ohun mìíràn, nínú Settings ní ibi Battery, ẹ máa rí Battery protection. Ẹ lè ní kó má kọjá 80, 85, 90 tàbí 95. Kí bátìrì má tètè gbó ni wọ́n ṣe ṣe é. Fún ẹni tó ní iná ní gbogbo ìgbà 80 dáa. Èmi ò lè sọ fún ará Nàìjíríà kó jáde nílé pẹ̀lú 80, 95 ni mo fi tèmi sí, tí mo bá sì mọ̀ pé màá wà nílé lópin ọ̀sẹ̀ màá dá a padà sí 80. Bó ṣe rí lọ́wọ́ mi, tí mi ò bá ṣe hotspot ó máa ń gbé mi láàárọ̀ dé àṣálẹ́, ó sì máa ń kù díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ya fídíò 4K ní gbogbo ọ̀sán ńkọ́, ẹ mú power bank dání jàre.

ỌmọAdó

Háà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ ti là mí lójú. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó ra U1, 512GB, kó san owó ẹ̀ tán, torí síìmù kan ni mò ń lò fún báńkì, èkejì dátà lásán ni, màá fi ṣe eSIM bí Tìmí ṣe wí. Gáràǹtì ńkọ́, ṣé àwọn ọ́fíìsì Samsung tó wà níbí á gbà á tó bá bà jẹ́? Àti pé screen guard wo ni kí n rà, torí gbogbo èyí tí mo rí lọ́jà ló ń pariwo pé òun lòun dáa jù?

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà

Gáràǹtì Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló wà fún. Ẹ má gbọ́kàn lé e níbí, tó bá fọ́ àpò yín lẹ máa fi tún un ṣe, ojú ẹ̀ sì wọ́n gan-an, ìyẹn ni ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Ìkẹjà lè fi jàre tó bá jẹ́ pé S938B tó ní gáràǹtì Nàìjíríà lóun ń tà. Ẹ bi í tààràtà kẹ́ ẹ tó pa ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu mọ́, ẹ ní kó fi ìwé gáràǹtì hàn yín, kì í ṣe rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù o. Tí kò bá ní ìwé yẹn, ti Dallas ni kẹ́ ẹ gbà.

Ti screen guard, Ṣọlá ti sọ pé ojú ẹ̀ kì í tan oòrùn padà. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ gíláàsì lásán mọ́ ọn, ẹ ti pa ohun tẹ́ ẹ sanwó fún, á tún máa dán bíi dígí. Èyí tí wọ́n kọ anti-reflective sí ni kẹ́ ẹ wá, ó wọ́n díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo èyí tí wọ́n máa ń da gúlùù olómi sí kí wọ́n tó fi iná búlúù gbẹ ẹ, gúlùù yẹn máa ń sàn wọ ibi sípíkà àti ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì, mo ti fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ jáde nínú fóònù olówó ńlá. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ pa ìka tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ fi ìka tuntun sí i látorí gíláàsì yẹn, kẹ́ ẹ tan Touch sensitivity, torí abẹ́ gíláàsì ló ti ń ka ìka, bó bá nípọn jù kò ní mọ̀ yín. Pouch ní tiẹ̀, ẹ ra èyí tí etí ẹ̀ ga ju kámẹ́rà ẹ̀yìn lọ.